Ẹ yé fowó ṣòfò lórí owó onírin tí àwòrán rẹ̀ rí bàìbàì

Ó ti sú mi. Ẹnìkan tó ń ra owó onírin àtijọ́ kó jọ á gbé méjì síwájú mi: "Ẹ̀gbọ́n, ọdún kan náà, àwòrán kan náà, kí ló dé tí ọ̀kan yọ kedere tí èkejì rí bàìbàì?" Ó ti sanwó kó tó béèrè.

1. Ẹ má fi nǹkan kan fọ owó onírin. Mi ò ṣàlàyé èyí mọ́.

2. Ẹ má pe gbogbo ohun tí kò yọ ní gbígbó. Ibí gan-an ni inú ti ń bí mi. Òǹtẹ̀ irin méjì ló ń pàdé lórí pẹlẹbẹ irin, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí agbára tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ kò bá tó, tàbí tí òǹtẹ̀ méjèèjì jìnnà síra jù, irin kò ní ráyè wọ kòtò tó jìn jù lára òǹtẹ̀. Kòtò yẹn ló sì ń di ibi tó ga jù lójú owó. Nítorí náà, owó lè kù díẹ̀ káàtó kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kàn án.

Mo ní Buffalo nickel kan rí, owó onírin sẹ́ǹtì márùn-ún ti Amẹ́ríkà tó ní àwòrán ẹfọ̀n, ti ọdún 1926, àmì D ti Denver, ìlú tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, wà lára rẹ̀. Ìwo ẹfọ̀n náà kò yọ. Èmi ọ̀mọ̀wé, mo tà á bí owó gbígbó. Ẹni tó rà á yí i lábẹ́ iná, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Dídán rẹ̀ ṣì wà títí dé orí ibi tó ga jù! Ká ní ọwọ́ èèyàn ló jẹ ẹ́ ni, ibẹ̀ ni dídán ì bá ti kọ́kọ́ lọ, àwọ̀ ibẹ̀ ì bá sì ti ṣú.

Ṣé mo wá gbọ́n? Rárá o. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní "wọn ò tẹ̀ ẹ́ dáadáa ni" ni mo ń gbà gbọ́. Mo ra mẹ́ta tó ti gbó pátápátá.

Òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ náà ń gbó, gíríìsì sì ń dí i. Ní 1937, wọ́n ha òǹtẹ̀ Buffalo nickel kan ní Denver kó lè dán, wọ́n ha á ju bó ṣe yẹ lọ, ni ẹfọ̀n bá di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn oníjìbìtì wá ń ha ẹsẹ̀ kan kúrò lára ojúlówó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kó lè jọ ọ́.

Ẹ máa yẹ ẹ̀yìn owó wò pẹ̀lú. Bí ibi gíga méjì bá kẹ̀yìn síra wọn, irin kì í sábà tó àwọn méjèèjì.