Gíláàsì ọkọ̀ mi kò dá gòkè mọ́ lẹ́yìn tí a pààrọ̀ bátìrì
Látìgbà tí a ti pààrọ̀ bátìrì ọkọ̀ mi n'Ílọrin ni gíláàsì ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà ti ń ṣe wèrè. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ń fa bọ́tìnnì, á dá gòkè tán. Wàyí o, bí mo bá ti yọwọ́, ó dúró nìyẹn, eruku ọyẹ́ ọ̀nà Ọ̀fà á sì máa rọ́ wọlé. Mo pààrọ̀ fíúsì, pàbó. Rìwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní kí n ra mọ́tò gíláàsì tuntun, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n lọ ronú."

Nígbà tó yá, mo ṣíná ọkọ̀, mo sọ gíláàsì kalẹ̀ pátápátá, mo fà á gòkè. Nígbà tó pa dé, mi ò yọwọ́: mo ka ení títí dé àrún. Ó bọ̀ sípò! Bátìrì tí a yọ ló jẹ́ kó gbàgbé ibi tí òkè parí sí. Ọkọ̀ tiyín lè gba pé kí ẹ kà jù bẹ́ẹ̀ lọ o.