Bí Kọ̀ǹpútà Iléeṣẹ́ Yóò Ṣe Máa Gba Àtúnṣe Fúnra Wọn

Ẹ kọ́kọ́ ka àwọn ẹ̀rọ yín: orúkọ ẹ̀rọ, ẹni tó ń lò ó, irú Windows tó wà lórí rẹ̀, àti àyè tó ṣẹ́kù. Ẹ̀rọ tí kò sí nínú ìwé, ta ni yóò rántí rẹ̀?

Ẹ forúkọ wọn sílẹ̀ lórí Intune, ètò Microsoft tí a fi ń ṣàkóso kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́, kí ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ọ̀wọ́ kìíní kéré, bí ẹ̀rọ 5 nínú 100, ṣùgbọ́n kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ẹnì kan níbẹ̀. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan ni, ẹ kò ní mọ̀ pé àtúnṣe ti ba ètò ìṣirò owó jẹ́, àfi ìgbà tó bá kan gbogbo iléeṣẹ́.

Microsoft máa ń gbé àtúnṣe ààbò jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù. Ẹ fi ìdádúró ọjọ́ 0 fún ọ̀wọ́ kìíní, 3 fún ìkejì, 7 fún ìkẹta. Intune gbà tó 30, ṣùgbọ́n ó pọ̀ jù fún ihò tí olè ti mọ̀.

Ẹ fi gbèdéke ọjọ́ 2 sí i pẹ̀lú, torí àwọn kan á máa sún àtúntàn síwájú lójoojúmọ́.

Bí àtúnṣe bá kọ̀, ẹ wo àyè dísìkì ná. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ẹni tó ń lò ó bóyá láptọ́ọ̀pù náà máa ń wà ní pípa. Bí àtúnṣe fúnra rẹ̀ bá burú, ẹ tẹ Pause (ìdádúró) fún ọ̀wọ́ náà lórí Intune. Ó ń dá a dúró fún ọjọ́ 35. Kọ́kọ́rọ́ BitLocker, ètò Windows tó ń ti dísìkì pa mọ́ olè, ńkọ́? Ẹ rí i pé ó ti wà ní ìpamọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó tàn.