Bí A Ṣe Lè Ṣètò Ọgbà Òdòdó Ilé Tí Yóò Máa Dùn-ún Wò Jálẹ̀ Ọdún

Ọgbà ilé tó ń dùn-ún wò fún oṣù méjì péré, tó sì dà bí ilẹ̀ àpatì ní oṣù mẹ́wàá yòókù, kò lè tẹ́ni lọ́rùn, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ojú wa ń bá a pàdé. Ohun tó sábà ń fà á ni pé àsìkò tí gbogbo nǹkan ń rúwé ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń lọ ra igi òdòdó. Èyí tó bá ti tanná lójú wọn ni wọ́n ń mú bọ̀ wálé, débi pé gbogbo ohun tí wọ́n gbìn ni yóò tanná pa pọ̀, tí yóò sì rọ pa pọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà gbọ́ pé oṣù tí ọgbà máa ń burú jù lọ ní agbègbè yín ni ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ ṣètò fún, yálà góńgó ẹ̀ẹ̀rùn ni tàbí àárín ìgbà òtútù, kí ẹ tó ro ti àwọn oṣù tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ń ṣoore.

Kí ẹ tó gbẹ́ ihò kankan, ẹ mọ ilẹ̀ yín dunjú. Ẹ wo ibi tí oòrùn ń dé ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní ìrọ̀lẹ́, nítorí pé igi tí a bá sọ pé ó fẹ́ràn oòrùn ń fẹ́ wákàtí mẹ́fà oòrùn tààrà lójúmọ́, ó kéré tán. Ẹ rántí pé òjìji ilé kì í dúró sójú kan jálẹ̀ ọdún. Ní àwọn ilẹ̀ tó jìnnà sí agbedeméjì ayé, oòrùn kì í gòkè púpọ̀ nígbà òtútù, òjìji ilé a sì gùn dé ibi tí oòrùn ti ń ràn nígbà ooru. Ẹ tún gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ rọ omi kún un, kí ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ fà á mu tán, kí ẹ sì tún rọ òmíràn sí i. Bí omi ẹlẹ́ẹ̀kejì bá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ilẹ̀ náà ń dá omi dúró, gbòǹgbò ọ̀pọ̀ igi yóò sì jẹrà níbẹ̀ bí ẹ kò bá kọ ebè gíga fún wọn.

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn kì í sábà kà sí: ẹ wọ inú ilé, kí ẹ wo ìta láti ojú fèrèsé tí ẹ máa ń jókòó tì jù. Ní àsìkò tí ojú ọjọ́ bá le, inú ilé ni ẹ ó ti máa wo ọgbà, nítorí náà ohun tó bá lẹ́wà jù ní àsìkò náà, iwájú fèrèsé yẹn ni kí ó wà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ya àwòrán ọgbà náà sórí ìwé onílà, kí sẹ̀ǹtímítà kan lórí ìwé dúró fún mítà kan lórí ilẹ̀. Ohun tí kì í yí padà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sí i: ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ń gbà, ibi ìjókòó, igi ńlá kan tàbí méjì, àti àwọn igi kúkúrú tí kì í wọ́wé. Àwọn wọ̀nyí ni òpó tó gbé ọgbà ró. Nígbà tí òdòdó bá lọ tán, àwọn ni yóò kù. Ní tèmi, bí ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí a gbìn bá jẹ́ èyí tí ewé ń wà lórí rẹ̀ ní gbogbo ọdún, ọgbà kì í ṣófo. Bí ó bá fi púpọ̀ ju ìlàjì lọ, bákan náà ni ọgbà yóò rí láti oṣù kìíní dé ìkejìlá, a kò sì ní mọ̀ pé ìgbà ń yí. Bí igi yóò ṣe fẹ̀ tó nígbà tó bá dàgbà ni kí ẹ yà sórí ìwé, ẹ má fi ti bí ó ṣe kéré ní ọjọ́ tí ẹ rà á ṣe.

Iṣẹ́ tó gba àròjinlẹ̀ jù ló wá kàn. Ẹ fa ìlà oṣù 12 sórí ìwé mìíràn, ẹ kọ orúkọ gbogbo igi tí ẹ ń gbèrò láti gbìn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ sì kun abẹ́ oṣù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa ń lẹ́wà. Oṣù tí kò bá ní ju ẹyọ ohun kan lọ lábẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ wá nǹkan kún. Ní ilẹ̀ tó ní ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, bougainvillea kò ṣeé fojú fò dá fún oṣù ọ̀dá, nítorí pé ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ díẹ̀ ni ó ń tanná jù. Ewé ni àwọ̀ pupa tàbí elésè àlùkò tí à ń rí lára rẹ̀, òdòdó rẹ̀ gan-an kéré ní àárín ewé náà, ìdí sì nìyẹn tí ẹwà rẹ̀ fi ń pẹ́. Igi pánṣẹ́kẹ́ máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí lọ, yóò pọ́n fòò. Igi ńlá ni, gbòǹgbò rẹ̀ sì ń ràn lókè ilẹ̀, nítorí náà kí ó jìnnà sí ògiri ilé. Hibiscus àti ixora fẹ́rẹ̀ẹ́ má sinmi bí wọ́n bá ń rí omi, nígbà tí croton àti cordyline kò nílò òdòdó rárá, nítorí pé ara ewé wọn ni ẹwà wọn wà.

Ní ilẹ̀ tó ní ìgbà mẹ́rin, oṣù òtútù ni ìdánwò. Hamamelis máa ń yọ òdòdó aláwọ̀ ìyeyè lórí ẹ̀ka tí kò ní ewé kankan, nígbà tí òtútù ṣì mú; hellebore náà kì í dúró de ooru, bẹ́ẹ̀ ni snowdrop, tó ń hù láti inú ohun kékeré kan tó rí bí àlùbọ́sà tí a gbìn ní ìgbà ìwọ́wé, máa ń yọjú kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ fi igi tí èèpo rẹ̀ lẹ́wà kún un, bíi birch tí èèpo rẹ̀ funfun báláú, tàbí Cornus alba tí ẹ̀ka rẹ̀ pọ́n. Ẹ̀ka ọ̀dọ́ Cornus ló ń pọ́n jù, nítorí náà ìparí ìgbà òtútù ni kí ẹ gé e súnmọ́ ilẹ̀ kí tuntun lè rú. Ẹ má sì kánjú gé koríko gíga àti orí òdòdó hydrangea tó ti gbẹ. Bí ìrì dídì bá bà lé wọn, wọ́n máa ń lẹ́wà púpọ̀.

Ní ti gbígbìn fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀: ẹ gbin irú kan náà ní mẹ́ta-mẹ́ta tàbí márùn-ún-márùn-ún, kí ẹ sì tún un gbìn níbòmíràn nínú ọgbà, dípò kí ẹ kó ogún oríṣi jọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí òdòdó kan bá ti máa ń kú wọnú ilẹ̀, ẹ gbin òmíràn tó ń hù lẹ́yìn rẹ̀ tì í.

Ohun tó ń ba ètò dáadáa jẹ́ jù ni gígé ẹ̀ka ní àkókò tí kò yẹ. Igi tó ń tanná lórí ẹ̀ka ọdún tó kọjá, bíi forsythia, kété tí òdòdó rẹ̀ bá ti rọ ni kí ẹ gé e. Bí ẹ bá dúró di ìgbà òtútù, òdòdó ọdún tó ń bọ̀ ni ẹ ń gé sọnù. Èyí tó ń tanná lórí ẹ̀ka tuntun, bíi buddleia tàbí hibiscus, ni a ń gé kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé: ní ìparí òtútù, tàbí nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ilẹ̀ tí kò ní nǹkan lórí kì í dùn-ún wò ní ìgbà kankan. Ẹ fi ewé gbígbẹ tàbí èèpo igi tí a gé wẹ́wẹ́ bò ó, kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, ṣùgbọ́n kí ó má kan ìdí igi, kí èèpo rẹ̀ má baà jẹrà. Yóò mú kí ọ̀rinrin pẹ́ nínú ilẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí èpò rí ìmọ́lẹ̀ hù. Igi tuntun ń fẹ́ omi fún ọdún kan sí méjì àkọ́kọ́. Ẹ bomi rin ín púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan kí omi lè wọlẹ̀ jìn, nítorí pé omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ń mú kí gbòǹgbò wà lókè ilẹ̀ nìkan.

Bí agbára kò bá ká a lẹ́ẹ̀kan, ẹ ṣe ọ̀nà àti igi ńlá ní ọdún kìíní, kí ẹ fi igi kúkúrú tẹ̀lé e ní ọdún kejì, kí òdòdó sì kẹ́yìn. Ní ààyè tó bá ṣófo láàárín, ẹ máa gbin zinnia, tó ń tanná ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn tí a bá gbin irúgbìn rẹ̀. Bí ẹ bá ń tún díẹ̀ gbìn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta, òdòdó rẹ̀ kò ní tètè tán. Ní oṣooṣù, ẹ dúró sí ojú kan náà, kí ẹ ya fọ́tò ọgbà. Nígbà tí fọ́tò 12 bá pé, ẹ tẹ́ wọn sílẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí ẹ kùn. Oṣù tí fọ́tò rẹ̀ bá ṣófo jù ni kí ẹ ra igi fún ní àkókò gbígbìn tó ń bọ̀, ẹ má sì ra ohunkóhun fún oṣù tó ti kún.