Ẹ̀rọ ní kò séwu, aláìsàn ń mí hẹlẹhẹlẹ: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì ni mí nílé ìwòsàn kékeré kan lágbègbè Òmù-Àrán. Wọ́n gbé bàbá kan wá lálẹ́, ibà àti ikọ́ ló ń ṣe wọ́n. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn 118/70, ẹ̀rọ ìka, èyí tí a ń fi há ìka, ka ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn sí 95 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọkàn mi balẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá ò dá ọmọ wọn mọ̀ mọ́. Kí ni mi ò rí?

Ìdáhùn: Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. O ò kọ iye ìgbà tí bàbá ń mí. Kì í ṣe ìwọ nìkan. Nínú ìwé tí wọ́n ń fi aláìsàn ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn wa ní Ìlọrin, 20 ni wọ́n ń kọ fún gbogbo èèyàn, ẹni tó ń sùn àti ẹni tó ń jà fún èémí. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le a máa mí ní ìgbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Tó bá ti tó 25, ewu ti dé, ohun yòówù kí ẹ̀rọ wí. Mímí ló sábà máa ń kọ́kọ́ yí padà. Ìfúnpá máa ń pẹ́ kó tó já, torí ọkàn á máa sáré, iṣan ẹ̀jẹ̀ á sì fún pọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ má baà wọ́n ọpọlọ. Ọ̀dọ́ tí ọ̀kadà gbá lè pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí ìfúnpá tó já.

Di ọwọ́ aláìsàn mú bí ẹni tó ń ka ìlù ọkàn, kó má mọ̀ pé àyà rẹ̀ lò ń wò. Ka odidi ìṣẹ́jú kan. Ṣé ihà ń wọnú? Ṣé ó lè sọ̀rọ̀ kan tán láìdúró mí? Bi í lórúkọ ẹni tó gbé e wá. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, má gbà pé ogbó ni. Wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè: Obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, làálì dúdú kún ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kọ 79, lẹ́yìn náà kò kọ nǹkan kan mọ́. Ṣé làálì ni?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, wá ìka tí kò ní làálì, tàbí ìka ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ṣí aṣọ, wo bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ẹ̀jẹ̀ tí kò dé ìka náà kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ kà. Tẹ àyà rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, kí o tú u sílẹ̀: àwọ̀ gbọ́dọ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Ahọ́n àti inú ètè ni kí o wò fún àwọ̀, má wo ara dúdú. Ẹ̀rọ yẹn náà máa ń ka ọ́síjìn àwa aláwọ̀ dúdú ju bó ṣe wà lọ nígbà mìíràn: ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2020 fi hàn pé àìtó ọ́síjìn tí ẹ̀rọ ìka kì í rí lára àwọn aláwọ̀ dúdú fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni kí n pe dókítà?

Ìdáhùn: Mímí 25 sókè tàbí 8 sílẹ̀, ìlù ọkàn 131 sókè, ìfúnpá òkè (nọ́ńbà àkọ́kọ́) 90 sílẹ̀, ọ́síjìn 91 sílẹ̀, tàbí kí iyè rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣe ségesège. Ẹyọ kan ṣoṣo tó. Má dúró mọ orúkọ àìsàn kó o tó pè. Bí ẹ bá sì ń gbé e bọ̀ ní Ìlọrin, kọ nọ́ńbà mímí rẹ̀ àti aago rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì kan láti apá Ọ̀fà kọ 22, 28, 34 sẹ́yìn káàdì fún mi lọ́jọ́ kan. Mi ò tíì ka ìyókù tí mo fi sáré lọ gbé ọ́síjìn.