Tí Nǹkan Bá Ń Yọ Wálẹ̀ Lójú Ara Màmá: Ẹ Wo Àwọn Ìtọ́jú Yìí Kẹ́ ẹ Tó Sọ Pé Ọpirésọ̀n Ni

Màmá tó ń ta ata l'Óyìngbò tàbí aṣọ ní Balógun, tí wọ́n bá dìde lórí àpótí nírọ̀lẹ́ tí wọ́n ń fọgbọ́n tún ìró ró, ó lè jẹ́ pé nǹkan ló yọ wálẹ̀ lójú ara wọn tí wọ́n ń rọra tì í padà. Ilé ọmọ ni, tàbí àpò ìtọ̀, tàbí ìfun ìdí. Ọmọ bíbí, nǹkan oṣù tó ti dúró, ẹrù wúwo, ikọ́ tí ò lọ àti ìgbẹ́ líle ló máa ń dẹ iṣan tó gbé wọn ró. Kì í ṣe ìṣekúṣe, kì í sì í ṣe jẹ̀dí, torí náà ẹ fi àgbo jẹ̀dí sílẹ̀ jàre, kí ẹnikẹ́ni má sì ki álọ́ọ̀mù tàbí ewé bọ ibẹ̀, ó máa bó wọn lára ni.

Ẹ kọ́kọ́ bi màmá fúnra wọn léèrè ohun tó ń dà wọ́n láàmú, torí àwa ọmọ la máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn níwájú dọ́kítà, kò dáa. Ti ẹlòmíì, ìtọ̀ tí kì í tán ni, ti ẹlòmíì bó ṣe ń wúwo nísàlẹ̀ tílẹ̀ bá ti ń ṣú. Ẹni tí ò ni lára rárá, wọ́n lè kàn máa ṣọ́ ọ.

Tí ò bá tíì jáde púpọ̀, ẹ bèèrè físíò, ìyẹn ẹni tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan. Kí màmá fún ìdí àti ojú ara pọ̀ sókè bí ẹni tó ń dá isó dúró nínú danfo tó kún, kí wọ́n má dá èémí dúró, kí wọ́n kà dé 10 tó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n tún un ṣe bí ìgbà 8 sí 10, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́. Ó máa ń tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kó tó hàn o. Kẹ́ẹ̀gì omi ńkọ́? Kí ọmọ ọmọ máa bá wọn gbé e.

Èyí táwọn èèyàn ò mọ̀ ni pessary, rọ́bà bí òrùka tí dọ́kítà tàbí nọ́ọ̀sì á ká, á fi sínú ojú ara, á wá gbé ohun tó wálẹ̀ ró. Èmi á ní kẹ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ ṣáájú ọ̀bẹ, pàápàá tí àìsàn ọkàn ò bá jẹ́ kí abẹ́rẹ́ oorun rọrùn fún wọn. Sáìsì ló ní, èyí àkọ́kọ́ lè má bá wọn mu, torí náà kí wọ́n tó kúrò ní kílíníìkì, kí wọ́n rìn, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n húkọ́, kí wọ́n tọ̀. Wọ́n á máa yọ ọ́ fọ̀ ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, tí wọ́n bá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ lọ́dún gbọọrọ ó lè jẹ ara wọlé. Tí ibẹ̀ bá gbẹ, dọ́kítà lè fún wọn ní kíréèmù estrogen (họ́mọ̀nù obìnrin), àmọ́ tí màmá bá ti ní jẹjẹrẹ ọmú rí, kí wọ́n sọ ọ́.

Tó bá wá di ọpirésọ̀n, dọ́kítà lè gba ojú ara yọ ilé ọmọ kó rán ibi tó dẹ̀, tàbí kó so ilé ọmọ mọ́ iṣan ìbàdí láì yọ ọ́. Ọ̀kan tún wà tó jẹ́ pé wọ́n á rán ojú ara pa, kì í pẹ́, ara àgbàlagbà sì máa ń gbà á dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ìbálòpọ̀ mọ́ láéláé. Màmá 70 ọdún náà lè fẹ́ ọkọ wọn o, àwọn gan-an ni kó dáhùn, kì í ṣe ọmọkùnrin àgbà. Ti àwọ̀n (mesh) tí wọ́n ń gba ojú ara fi síbẹ̀ láti gbé e ró, ìjọba Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n yé tà á fún àìsàn yìí láti 2019. Ó sì lè padà yọ lẹ́yìn ọpirésọ̀n, ẹ fi sọ́kàn.

Ní Èkó, ilé ìwòsàn LUTH n'Ídí-Àràbà, LASUTH n'Íkẹjà àti Island Maternity ní dọ́kítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ obìnrin. Ẹ bèèrè bóyá ìnṣọ́ránsì màmá bo ìtọ́jú náà.

Tí màmá ò bá lè tọ̀ rárá, tí ohun tó yọ bá dúdú tàbí tó dégbò, tàbí tí wọ́n bá ń rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró, ẹ má dúró de ọjọ́ àpọ́ìntìmẹ́ǹtì, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé wọn lọ.