Bí mo ṣe pààrọ̀ tensioner ṣéènì ẹ́ńjìnì mi

Ó pẹ́ tí ọkọ̀ mi ti máa ń ké láàárọ̀. Bí mo bá ti ṣíná sí i, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ṣéènì wà á dún kàràkàrà bí ẹni ń mi òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo, lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3 á pa kẹ́kẹ́. Mo kọ́kọ́ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, nítorí ọ́ìlì tó bá lọ sílẹ̀ náà lè dá irú ariwo yẹn sílẹ̀. Ọ́ìlì pé. Ó wá ku tensioner, ohun tó ń fún ṣéènì kó má bàa dẹ̀. Súpíríǹgì nìkan kọ́ ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ọ́ìlì tí pọ́ǹpù ń tì wá ló ń ti písítìn kékeré inú rẹ̀ jáde láti fún ṣéènì. Tí fáàfù tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì padà sẹ́yìn bá ti gbó, ọ́ìlì á ti jò kúrò nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣéènì á sì dẹ̀.

Orí yọ mí: ẹ̀yìn orí ẹ́ńjìnì ni tèmi wà, nọ́ọ̀tì 2 péré ló dì í mú láti ìta. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà lábẹ́ ìdérí ṣéènì, kó ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ gbáko.

Mo yọ orí bátìrì, mo yọ ìdérí fáàfù, mo fi sókẹ́ẹ̀tì yí kránkì (ọ̀pá tí písítìn ẹ́ńjìnì ń yí) sí apá tí ọwọ́ aago ń yí sí títí gbogbo àmì ara kránkì àti kámù (àwọn ọ̀pá tí ṣéènì ń yí láti ṣí fáàfù ẹ́ńjìnì) fi ṣe déédéé. Mo wá fi okùn oníke so ṣéènì mọ́ jíà kámù méjèèjì. Mi ò lè fi ìyẹn ṣeré: bí ṣéènì bá fo eyín, písítìn ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ lè lọ kọlu fáàfù ẹ́ńjìnì.

Nígbà tí mo yọ èyí tó ti gbó, mo gbé eyín tó ń dá písítìn rẹ̀ dúró sókè, mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Ó wọlé wẹ́rẹ́ bí orí bírò.

Tuntun ló wá fi ojú mi rí nǹkan. Ṣe ni a máa ń ti písítìn rẹ̀ wọlé tán, ká fi ìkọ́ kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ há a mọ́ ibẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, mo tì í bọ ihò, mo gbọ́ “tá!” Mi ò kà á sí. Àfi bí kò ṣe jókòó: àlàfo kan wà láàárín òun àti ara ẹ́ńjìnì, ó tó ìbú ìka kan. Ọwọ́ mi ti ń lọ síbi nọ́ọ̀tì kí n fi fà á wọlé tipátipá kí n tó rántí ohùn yẹn. Mo yọ ọ́ jáde, písítìn ti yọ ahọ́n sí mi. Ìkọ́ ti já nígbà tó fara gbá bọ́ọ̀tì. Lẹ́ẹ̀kejì, etí rẹ̀ méjèèjì ni mo dì mú, ó sì jókòó pẹ́pẹ́ kí nọ́ọ̀tì kankan tó kàn án. 9 Nm (ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì) ni mo dè wọ́n dé. Nọ́ọ̀tì kékeré ni, kò fẹ́ agídí.

Mo gé okùn oníke kúrò (díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé), mo yí kránkì padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ìkọ́ lè bọ́, mo tún yí i síwájú. Písítìn yọ, ṣéènì le. Mo fọwọ́ yí kránkì ní odindi ìgbà 2, kámù yí ẹ̀ẹ̀kan, àmì tún pé.

Nígbà tí mo dá ìdérí àti bátìrì padà, mo yọ fíúsì pọ́ǹpù epo, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnì yí díẹ̀ láìgbiná kí ọ́ìlì lè dé ibẹ̀. Nígbà tí mo wá ṣíná gan-an, ó ké díẹ̀, ó dákẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìdánwò. Mo ṣíná: ṣéènì ò dún rárá. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ bẹ́líìtì kan tó ń han bí eku.