Bírò Àfọwọ́ṣe Tó Dákẹ́: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìwé ìròyìn àtijọ́, ọparun àti náílọ̀n píọ̀wọ́tà la fi ń ṣe ara bírò ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹ̀pẹ́; tùbù yíǹkì tí a rà ló ń wà nínú rẹ̀. Àwọn tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi máa ń gbé èyí tó bá yọ wọ́n lẹ́nu padà wá. Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù rèé.

Àǹtí, ìwé ìròyìn ni mo fi yí bírò mi. Lọ́jọ́ tí mo ṣe é, ó kọ geere. Lọ́jọ́ kejì, kò tó ojú ewé kan tó fi dákẹ́, bẹ́ẹ̀ yíǹkì ṣì kún inú tùbù. Ṣé tùbù burúkú ni wọ́n tà fún mi?

Tùbù kọ́ o. Yí ìdí bírò yẹn sókè kí o wò ó. Àfàìmọ̀ ni o ò fi gọ́ọ̀mù dí i pa kó lè dára lójú. Rántí agolo mílíìkì: bí a bá lu ihò kan ṣoṣo sí i, á kán díẹ̀, á dúró, ìgbà tí a bá lu ìkejì ló tó ń ṣàn, torí atẹ́gùn ti rí ọ̀nà wọlé. Bí bírò ṣe rí nìyẹn. Yíǹkì inú rẹ̀ ki. Bí ọmọ irin róbótó tó wà lẹ́nu rẹ̀ bá ń yí lórí ìwé, á máa fa yíǹkì jáde díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn ló sì gbọ́dọ̀ wá dí àyè tó ṣófo lẹ́yìn. Bí kò bá ráyè wọlé, yíǹkì ò ní í sọ̀kalẹ̀. Mú bírò oníke tí o rà lọ́jà, gbé e sí ojú ìmọ́lẹ̀: ọ̀pọ̀ wọn ló ní ihò tín-ín-rín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Torí atẹ́gùn yẹn ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ iléèwé kan kó mẹ́rin wá tó ti fẹ́ dà nù. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ ni mo fi lu ìdí wọn, mo rọra ń tì í títí ó fi jásí àlàfo inú tùbù. Mo ní kó máa fa òbìrípo sórí páálí. Èyí àkọ́kọ́ kàn ń ha páálí lásán ni, ó fẹ́ dá a lu. Nígbà tó yí i tó bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ, ó nípọn, ó sì ń lọ. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo ni bírò náà. Mẹ́ta ló yè. Ẹ̀kẹrin ti já bọ́ lẹ́nu sórí símẹ́ńtì rí, irin rẹ̀ ti yẹ̀. Ìyẹn ò ní àtúnṣe.

Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ láti kọ̀wé, tùbù ń sá wọ inú.

Ìwé tí o yí kò fún tó. Ya ìwé tẹ́ẹ́rẹ́, fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, wé e mọ́ tùbù nítòsí ẹnu, kí o tó tì í padà.

Lásìkò òjò, bírò ìwé mi ń rọ̀, ó sì ń bu. Tíṣà ni mí, àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo ṣe é fún.

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Sítáàṣì lẹ fi lẹ̀ ẹ́, àbí? Oúnjẹ ni sítáàṣì, kò sì lè ṣe kó má bu níbi tí ọ̀sà ti yí wa ká báyìí. Ẹ lo gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ sá a síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí fún ọjọ́ méjì, kí ẹ wá kùn ún ní fáníìṣì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má kánjú kùn ún: bí inú rẹ̀ bá ṣì tutù, omi lẹ tì mọ́lé yẹn.

Àbúrò, ọparun tí mo gé ń là. Àwọn mìíràn ń da lẹ́búlẹ́bú funfun sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi, ìṣòro méjì nìyẹn. Èyí tó ń là, tútù lẹ gé e, ẹ sì sá a sóòrùn. Ní ilé kéwú tí mo ti kọ́kọ́ di nǹkan ìkọ̀wé mú, yíǹkì tàdáà àti igi ìkọ̀wé tí à ń pè ní kálàmù la fi ń kọ sára pátákó wàláà, àfáà wa kì í sì í fọ̀bẹ kan igi kálàmù tí kò tíì gbẹ. Ọparun tó ti gbó, tó ti tó ọdún mẹ́ta, ni kí ẹ gé. Kí ẹ gbé e nàró sábẹ́ òjìji, ó kéré tán fún oṣù kan. Kí ẹ tó ti tùbù bọ̀ ọ́, ẹ fi òwú wé ẹnu rẹ̀ pinpin.

Kòkòrò ló ń da lẹ́búlẹ́bú. Adùn inú ọparun ló ń wá. Ẹ rì í sínú omi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ẹ tó gbé e sí òjìji, kí omi fa adùn yẹn jáde. Bí ẹ bá lo dúrọ́ọ̀mù, ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀; yóò rùn, ẹ fara dà á. Èyí tí kòkòrò ti jẹ, ẹ má kó o mọ́ àwọn tó kù.

Mo fẹ́ yọ́ náílọ̀n píọ̀wọ́tà lórí stóòfù kí n fi mọ bírò. Èéfín rẹ̀ pọ̀ jù.

Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa stóòfù yẹn. Èéfín náílọ̀n kò yẹ kó wọ ihò imú ọmọ kankan. Ẹ fọ náílọ̀n náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ gé e ní ìbú ìka kan, ẹ lọ́ ọ, kí ẹ sì wé e mọ́ tùbù láti ẹnu lọ sí ìdí. Gọ́ọ̀mù kì í mú náílọ̀n, nítorí náà òwú ni kí ẹ fi so òpin rẹ̀, kí ẹ má sì wé e bo ìdí tùbù.